Ìtíkáfù: Bí A Ṣe Lè Ráyè Jókòó Ti Olúwa Wa Nígbà Tí Ọjà Bá Gbóná

Bísímílláhì Ráhúmánì Ráhímì.

Ẹ̀kọ́ tí a gbé síwájú yín lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ìtíkáfù, èyíinì ni kí ènìyàn ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú mọ́sálásí fún ìjọsìn Ọlọ́hun. A mọ̀ọ́mọ̀ mú un wá kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé ni, nítorí pé ẹni tí kò bá gbèrò rẹ̀ ṣáájú kò níí ráyè ṣe é nígbà tí àkókò rẹ̀ bá dé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàrin àwa tí a ń gbé ní Òkè Ọya. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé òwò tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé bàbá tàbí bàbá bàbá wa dé ibi tí a wà yìí. Ẹni tí kò bá taṣọ a máa ta bàtà, ẹni tí kò bá ta bàtà a máa ránṣọ, tàbí kí ó máa tún mọ́tò ṣe. Ní bí ogún ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀, ọjà a máa rọra lọ, nítorí owó oúnjẹ ìṣínu ni kálukú ń wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ku ọjọ́ mẹ́wàá, ọjà á yí padà. Gbogbo òbí ni yóò fẹ́ ra aṣọ àti bàtà ọdún fún ọmọ. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tì kí Mọ̀gàríbà tó dé yóò ṣí sílẹ̀ di ọ̀gànjọ́. Àwọn tó fẹ́ lọ ṣọdún nílé náà yóò máa di ẹrù, wọn yóò máa wá ọkọ̀, wọn yóò máa ra ẹ̀bùn tí wọn yóò gbé fún àwọn àgbà. Inú ọjọ́ mẹ́wàá yìí kan náà ni òru tí Ọlọ́hun sọ pé ó lóore ju ẹgbẹ̀rún oṣù lọ wà. Bí a bá ṣírò ẹgbẹ̀rún oṣù, ọdún 83 àti oṣù mẹ́rin ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í lò tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ọjà méjì ló ń ná lójú kan.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ń dúró de ọdún tí ààwẹ̀ yóò bọ́ sí àkókò tí iṣẹ́ kò pọ̀. Òótọ́ ni pé oṣù Ramadan máa ń sún síwájú ní bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá lọ́dọọdún. Ọjọ́ 11 oṣù kẹta ni a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2024, ọjọ́ 1 oṣù kẹta sì ni ní 2025. Yóò wọ inú ọyẹ́, yóò wọ inú òjò, yóò sì tún padà sínú ooru. Ṣùgbọ́n ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ló ń fa ọjà yìí, ibi tí oṣù bá sún sí ni ọjà ń bá a lọ. Ọdún tí onítọ̀hún ń dúró dè kò sí.

Nínú èdè Lárúbáwá, ìtíkáfù túmọ̀ sí kí ènìyàn dúró ti nǹkan kan, kí ó má sì kúrò nídìí rẹ̀. Nínú Súrátul-Bákárà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún Ànábì Ìbúráhímà àti ọmọ rẹ̀ Ìsìmáílà pé kí wọn fọ Ilé Òun mọ́ fún àwọn tó ń rọ̀kirikà rẹ̀, fún àwọn tó ń jókòó ṣe ìtíkáfù níbẹ̀, àti fún àwọn tó ń rúkúù tí wọ́n sì ń forí kanlẹ̀. Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Àlùkùránì lò nínú Súrátul-Ànbíyáì, nígbà tí Ànábì Ìbúráhímà bi bàbá rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ nípa àwọn ère tí wọ́n jókòó tì. Nítorí náà, kò sí ẹni tí kì í ṣe ìtíkáfù. Nídìí ohun tí a ń ṣe é ni a ti yàtọ̀ síra. Ẹlòmíràn ń ṣe tirẹ̀ nídìí káńtà, ẹlòmíràn sì ń ṣe tirẹ̀ nídìí fóònù títí ojú rẹ̀ yóò fi máa pọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ni ìtíkáfù wà fún. Ànábì Muhammadu (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jẹ́ oníṣòwò kí ìmísí tó dé bá a. Láàrin ìgbà náà ló máa ń gbé oúnjẹ dání lọ sínú ihò Hìráì tó wà lórí òkè lẹ́bàá Mẹ́kà, tí yóò dá wà níbẹ̀ fún òru mélòó kan, tí yóò sì padà sọ́dọ̀ ìyá wa Hàdíjà láti gbé oúnjẹ mìíràn. Nígbà tó dé Mọ̀dínà, òun ni lèmọ́mù, òun ni adájọ́, òun ni olórí ogun, òun náà sì ni baálé. Nínú Súrátul-Muzzammil, Ọlọ́hun Ọba fúnra Rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé iṣẹ́ ojúmọ́ rẹ̀ gùn, ó sì pọ̀. Lẹ́yìn gbólóhùn yìí gan-an ni Ọ́ sọ fún un pé kí ó máa rántí orúkọ Olúwa rẹ̀, kí ó sì fi gbogbo ara jìn fún Un. Ọlọ́hun kò ní kí ó dúró di ìgbà tí iṣẹ́ bá tán. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ kì í tán láyé.

Ìyá wa Áíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ló fún wa ní ìròyìn pé ọjọ́ mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn Ramadan ni Ànábì máa ń fi ṣe ìtíkáfù títí tó fi jáde láyé, àwọn ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Nínú hádíísì mìíràn, a kà pé ní Ramadan tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ogún ọjọ́ ló ṣe. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Àwọn aṣojú ẹ̀yà ń wá bá a láti oríṣiríṣi ibi nílẹ̀ Lárúbáwá, ìrìnàjò Hájì ìdágbére sì wà níwájú rẹ̀ lóṣù díẹ̀ sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìjókòó rẹ̀ náà sì di ìlọ́po méjì.

Irú ìjókòó wo wá ni? Kì í ṣe ti ẹni tó ń bínú sí ilé rẹ̀. Yàrá ìyá wa Áíṣà fara kan mọ́sálásí, Ànábì a sì máa na orí rẹ̀ sí i láti inú mọ́sálásí, kí ó lè bá a ya irun rẹ̀. Ìyá wa Sàfíyà náà wá kí i lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọjọ́ mẹ́wàá náà. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, nígbà tó sì fẹ́ máa lọ, Ànábì dìde láti sìn ín. Àwọn ọkùnrin méjì ará Mọ̀dínà kọjá, wọ́n rí i pẹ̀lú obìnrin nínú òkùnkùn, wọ́n sì yára ẹsẹ̀. Ànábì dá wọn dúró, ó ní kí wọn má kánjú, pé Sàfíyà ìyàwó òun ni. Ó ya àwọn ọkùnrin náà lẹ́nu pé ó lè rò pé àwọn yóò fura sí òun. Ó wá ṣàlàyé fún wọn pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lára ọmọ ènìyàn ni èṣù náà ń gbà, òun kò sì fẹ́ kí ó ju ohunkóhun sínú ọkàn wọn.

Ìtàn yìí kan àwa àlejò ìlú gidi gan-an. Ìjọsọ̀kan ni agbára wa níbí. Àwa tí a ń gbé Sábọ́ngàrí ní ìlú Òkè Ọya àti àwọn ọmọ Hausa tó ń gbé Sábó ní Ìbàdàn, orúkọ kan náà ni àdúgbò wa ń jẹ́, ìdí kan náà ló sì mú kí á máa gbé pọ̀. Bí ènìyàn bá lè bímọ, kí ó ṣàìsàn, tàbí kí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, ará ilé rẹ̀ jìnnà, àwọn tó wà nítòsí ni yóò dúró tì í. Èyí ló mú kí ó jẹ́ pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò ní ìsọmọlórúkọ, nìkáà, ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí àsálátù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti di pé bí a kò bá rí ènìyàn fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó sọ pé ó ń bá ẹnì kan jà, tàbí pé owó ló gbéra lé e. Ẹni tó bá fẹ́ dá wà díẹ̀ yóò máa bẹ̀rù ohun tí àwọn ènìyàn yóò sọ. Ẹ ṣe bí Ànábì ti ṣe: ẹ sọ ọ́ fún wọn ní gbangba. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò, fún alága ẹgbẹ́, àti fún ẹni tí ẹ jọ ń ná ọjà, pé láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, mọ́sálásí ni ẹ ó wà. Ẹni tó gbọ́ kò níí fura mọ́.

Nípa òfin rẹ̀, ìlànà Imaam Malik ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ nílé kéwú, ìwé Risala ti Ibn Abi Zayd al-Qayrawani sì ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Ìtíkáfù kò sí láìsí ààwẹ̀, kò sì sí lẹ́yìn mọ́sálásí. Bí Jímọ̀ yóò bá bọ́ sáàrin ọjọ́ náà, mọ́sálásí tí wọ́n ti ń kí Jímọ̀ ni kí ènìyàn wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọjọ́ mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn yóò wọlé kí oòrùn tó wọ̀ ní ogúnjọ́ oṣù. Kò níí jáde lọ bẹ aláìsàn wò, kò níí lọ kírun sí òkú lára, kò sì níí jáde lọ ṣòwò. Ó lè jáde fún ìgbọ̀nsẹ̀, fún ìwẹ̀ ọ̀ranyàn àti fún oúnjẹ tí kò sí ẹni tí yóò gbé e wá. Súnmọ́ ìyàwó ẹni, lọ́sàn-án tàbí lóru, bà á jẹ́. Súrátul-Bákárà sọ èyí kedere.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni ìwé náà fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ó sọ pé ẹni tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ ọjọ́ kan, ọjọ́ kan náà di dandan fún un, ẹni tó bá sì jẹ́jẹ̀ẹ́ òru kan, ọ̀sán àti òru ni yóò ṣe. Àwọn onímọ̀ tó ń tẹ̀lé Imaam Shafi'i sọ pé kò ní òdiwọ̀n kankan, pé ó tọ́ láìsí ààwẹ̀ pàápàá. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Sàyídínà Umar ṣe ẹ̀rí, ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ òru kan ní Mọ́sálásí Ọlọ́wọ̀ Mẹ́kà ṣáájú kí ó tó gba Ìsìláàmù, tí Ànábì sì ní kí ó mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí kò lè rí ọjọ́ mẹ́wàá lè rí ọjọ́ méjì. Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé bí kì í bá ṣe gbogbo rẹ̀, òun kò ṣe rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹ jẹ́ kí á mú télọ̀ kan. Ó ti gba aṣọ ogójì ènìyàn, ó ti gba owó ìdajì lọ́wọ́ wọn, ó sì ti ṣèlérí pé aṣọ yóò jáde kí ọdún tó dé. Ọjọ́ ogún pé, ó ká ẹní rẹ̀, ó wọ mọ́sálásí. Ǹjẹ́ ó ṣe dáadáa? Kò ṣe é. Súnnà ni ìtíkáfù, ọ̀ranyàn sì ni àdéhùn. Àwọn ọmọ tí kò ní rí aṣọ wọ̀ lọ sí Yìdí, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ wọn wà. Bákan náà ni ẹni tí gbèsè rẹ̀ tó àkókò, tó jẹ́ pé ọjà ọjọ́ mẹ́wàá yẹn nìkan ni yóò fi san án, àti ẹni tí kò tíì fi owó oúnjẹ sílẹ̀ nílé. Ẹni tó bá sá fún ìwọ̀nyí wọ inú mọ́sálásí, ìsinmi ló ń wá, kò sì tọ́ kí ó fi orúkọ ìjọsìn bò ó.

Ṣùgbọ́n télọ̀ kan náà lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Ṣáábánì. Ó lè sọ fún àwọn oníbàárà pé bí oṣù bá ti pé ọjọ́ mẹ́wàá, òun kò gba aṣọ mọ́. Yóò pàdánù owó díẹ̀, a kò níí tan ara wa jẹ. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó jọ ń tajà lè pín in: ẹ̀gbọ́n wọlé lọ́dún yìí, àbúrò dúró ti ṣọ́ọ̀bù, lọ́dún tó ń bọ̀, wọn á pààrọ̀. Ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé lè fi ọjà lé e lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó sì fún un ní nǹkan lórí rẹ̀. Ó ṣe ni láàánú pé ọ̀gá kan lè ṣe ìtíkáfù lọ́dọọdún, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ má ráyè kírun Àlààsárì ní àsìkò rẹ̀ nítorí pé ọ̀gá kò sí nílé.

Bí ènìyàn bá ti wọlé tán, ó ku kí ó jókòó. Àwọn mọ́sálásí kan wà tí ìtíkáfù ibẹ̀ ti di ibùjókòó ọ̀rọ̀ òṣèlú, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti oúnjẹ aládùn. Ohùn ìwàásù àti kéwú inú gbohùngbohùn sì lè pọ̀ débi pé ẹni tó fẹ́ sunkún sí Olúwa rẹ̀ kò níí gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. A gbà á wá pé nígbà tí Ànábì wà nínú ìtíkáfù, ó gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń ké kéwú sókè, ó ká aṣọ ìkélé rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé olúkúlùkù wọn ló ń bá Olúwa rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹnì kan má fi ìnira kan ẹnì kejì, kí ẹnì kan má sì gbé ohùn kéwú rẹ̀ ga ju ti ẹnì kejì lọ. Bí ó bá jẹ́ kéwú Àlùkùránì ni ó sọ èyí nípa rẹ̀, kí ni a ó sọ nípa fóònù? Ẹ pa á. Ẹ fi nọ́ńbà ẹnì kan tó wà ní mọ́sálásí sílẹ̀ nílé fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò náà ń kọ́? Lọ́dún kan, ìyá wa Áíṣà tọrọ ààyè láti pa àgọ́ ìtíkáfù sínú mọ́sálásí, Ànábì sì gbà fún un. Ìyá wa Háfsà pa tirẹ̀, ìyá wa Sáínábù rí i, ó pa tirẹ̀ náà. Nígbà tí Ànábì rí àwọn àgọ́ náà, ó béèrè bóyá iṣẹ́ rere ni wọ́n ń fi wá. Ó pàṣẹ kí wọn tú wọn, òun fúnra rẹ̀ fi ìtíkáfù sílẹ̀ lóṣù náà, ó sì wá san ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù Ṣáwálì. Ìdíje ló ń bẹ̀rù. Lónìí, ẹlòmíràn kò tíì tẹ́ ẹní rẹ̀ tán tí àwòrán rẹ̀ yóò ti wà lórí WhatsApp pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, a kò gbàgbé yín. Nínú ìlànà Málíkì, mọ́sálásí nìkan ni obìnrin náà ti lè ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ Hánáfì gbà pé ó lè ṣe é níbi tó yà sọ́tọ̀ fún ìrun nínú ilé rẹ̀. Ìṣòro tó ju èyí lọ ni pé obìnrin ló ń dìde ní agogo mẹ́ta òru láti se sààrì, òun ló ń lọ sọ́jà, òun ló ń se ìṣínu, òun náà ló ń wẹ ọmọ kí wọn tó lọ kí ìrun àṣámù. Ìyá wa Áíṣà sọ pé bí ọjọ́ mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn bá wọlé, Ànábì máa ń di àmùrè rẹ̀ le, a máa fi òru jọ́sìn, a sì máa jí àwọn ará ilé rẹ̀. Ó jí wọn fún ìrun. Kò jí wọn fún ìdáná nìkan. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nílé, ó ní iṣẹ́ ilé ló máa ń bá wọn ṣe títí àsìkò ìrun yóò fi tó. Baálé tí kò bá lè wọ ìtíkáfù lè gba iná sààrì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ ní òru mẹ́ta péré, kí òun náà lè rí wákàtí kan fún Olúwa rẹ̀. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì kò ju agbára ọkùnrin lọ.

Fún ẹni tí kò ní àyè mìíràn rárá, àárọ̀ ń bẹ. Jábírù ọmọ Sámúrà, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé, ròyìn pé bí Ànábì bá kírun Àsùbáà tán, orí ìjókòó rẹ̀ ló máa ń wà títí oòrùn yóò fi yọ. Bíi wákàtí kan ni. Lọ́pọ̀ ibi níhìn-ín, ọjà kì í tètè ṣí nínú ààwẹ̀, nítorí náà kò sí oníbàárà tí wákàtí yìí lé lọ.

Bí ọkàn kò bá sì balẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ńkọ́? Yóò rí bẹ́ẹ̀. Imaam al-Ghazali jẹ́ olùkọ́ àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ Nizamiyya ní Bàgídáàdì. Ní 1095, ó fi ipò náà sílẹ̀, ó lọ sí Dàmásíkù, a sì máa gun òkè ilé ìpèrun mọ́sálásí ńlá ibẹ̀, a ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Nínú ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀, ó ṣàlàyé pé nígbà tó yá, ìpè àwọn ọmọ òun fà òun padà sílé, pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé àti ìṣòro àtijẹ máa ń da ìdáwà òun rú, pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ọkàn òun ń mọ́ gaara bí òun ti fẹ́, ṣùgbọ́n òun kò sọ ìrètí nù. Ó tó bí ọdún mọ́kànlá kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ní Naysabur ní 1106. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bọ́ láti ọjà lánàá má bínú pé iye ọjà ni òun ń kà lọ́kàn lórí ẹní.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹni tí ìtíkáfù rẹ̀ bá kan ọdún, ìwé Risala ní kí ó sun mọ́sálásí ní òru ọdún náà, kí ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Yìdí. Òru tí ọjà gbóná jùlọ nínú ọdún nìyẹn, òru tí mọ́tò kẹ́yìn sì ń kúrò ní gáréèjì. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ti ra aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣáájú, kí ó ti yọ jáká rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará ilé láti pín, kí ó sì sọ fún wọn pé Yìdí ni àwọn yóò ti pàdé.